Mo Fi Ẹnu Mi Pa Ọkọ Ìyá Ìsàmì Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ọ̀rọ̀ yìí tó gùn, ẹ jẹ́ kí n fi yé yín pé Rocco Laviano kò kú. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń rẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ nídìí káàdì ní ilé kọfí Mimmo láràárọ̀. Èmi ni mo pa á. Fún bí ọdún méjì ni mo fi ń pa á, bí àlejò bá sì pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo lè pa á lójoojúmọ́.

Loredana ni orúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò káàkiri Torrescura, ìlú àtijọ́ orí òkè tí wọ́n bí mi sí. Mo ní ìwé àṣẹ, mo sì ní agboòrùn pupa kan tí mo máa ń nà sókè kí àwọn àlejò lè máa tẹ̀ lé e.

Ìṣòro iṣẹ́ náà ni pé Torrescura kò ní ohun kan pàtó tí èèyàn lè torí rẹ̀ kúrò nílé. Odi wà. Ẹnubodè wà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí àwòrán ara ògiri rẹ̀ ti ṣí débi pé a kò mọ èwo ni áńgẹ́lì, èwo ni èṣù mọ́. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè ní kàtídírà, ó ní egungun ẹni mímọ́, ó tún ní ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ tónítóní. Àwọn àlejò tó ní ọjọ́ kan péré á sáré yọjú sọ́dọ̀ wa láàárọ̀, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ lo ìyókù ọjọ́ náà lọ́hùn-ún.

Ibi kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn láti mú wọn gbà ni ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Màmá Vincenza máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó gbé pátákó lé itan, tó ń fi ọ̀bẹ ṣe orecchiette. Pásítà tiwa nìyẹn, kéékèèké, tó kọ́ bí etí ọmọdé. Ọwọ́ ìyá náà yá débi pé àlejò kì í rí i nígbà tó ń ṣe é, wọ́n kàn máa ń rí i pé ó ti wà nílẹ̀.

Màmá Vincenza ni ìyá ìsàmì mi. Òun ló gbé mi dúró níwájú àlùfáà, nígbà tí ìyá tó bí mi sì kú, òun náà ló kó mi wọ ilé rẹ̀. Kò bímọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó gbé ọmọ dúró níbi ìsàmì ti ju ẹbí lọ. A máa ń sọ pé Jòhánù Mímọ́ ló so wọ́n pọ̀, Jòhánù Mímọ́ kò sì fẹ́ ẹ̀tàn. Èèyàn lè yan àbúrò bàbá rẹ̀ jẹ nídìí ilẹ̀, àwọn ará ìlú á ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹni tó bá da ìyá ìsàmì rẹ̀, wọn kì í kí i nígboro.

Mo mọ gbogbo èyí dáadáa. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò pàápàá, nítòsí ẹnubodè.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa Rocco, òjò ti ṣú. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ni mo kó lẹ́yìn, ìlú wa sì ti sú wọn. Ọkùnrin kan yán títí mo fi rí èrìgì rẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ ti ń bi mí ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa gbéra. Bí a ṣe yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin náà nawọ́ sí Màmá Vincenza.

"Ta ni ìyá yìí?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni kí n sọ pé ìyá ìsàmì mi ni, ọkọ rẹ̀ wà ní ilé kọfí, ó ń fi káàdì pamọ́ sínú apá ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wọ bàálù láti gbọ́ irú òótọ́ yẹn. Mo wo ojú wọn. Mo dín ohùn mi kù.

"Opó ni," ni mo sọ. "Ọkọ rẹ̀ lọ wa èédú ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ihò náà wó lé e lórí, wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó síbí tó ń wo ọ̀nà. Títí dòní, lálaalẹ́, ó máa ń tẹ́ àwo ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì."

Ibi tí mo dárúkọ àwo ni ọkùnrin tó ń yán pa ẹnu dé.

Obìnrin tó ń béèrè bọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Vincenza, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ìyẹ̀fun. Màmá Vincenza kò gbọ́ ju èdè wa lọ. Ó wò mí láti orí obìnrin náà.

"Kí ló ṣe é?"

"Pásítà yín ló wù ú, Màmá."

"Kò tíì tọ́ ọ wò."

"Àwọn ará àríwá ni, Màmá. Òtútù ló ń mú wọn láti kékeré, nǹkan kékeré ló ń pa wọ́n lẹ́kún."

"Ọmọ ọlọ́mọ." Ó fọwọ́ nu ojú obìnrin náà, ìyẹ̀fun sì funfun mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. "Bá mi sọ fún un pé kó sè é pẹ̀lú ewébẹ̀, kó má fi wàrà sí i."

Wọ́n ra gbogbo pásítà tó wà lórí pátákó náà. Ẹni kan tiẹ̀ fẹ́ ra pátákó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè máa rò pé irọ́ lásán ni mo pa. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ohun tí mo ṣe burú ju ìyẹn lọ, torí pé mo jí apá tó dùn jù nínú rẹ̀.

Kí Rocco tó fẹ́ Màmá Vincenza, ẹ̀gbọ́n Rocco tó ń jẹ́ Michele ni àfẹ́sọ́nà ìyá náà. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ló jọ lọ wa èédú ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ihò wó, Michele kò jáde. Rocco padà wálé, ó ń wúkọ́, ó sì wá sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò tíì di ìyàwó. Lẹ́yìn ọdún kan wọ́n fẹ́ra. Gbogbo ìlú mọ ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́.

Ohun tí ìlú kò mọ̀ ni ohun tí Màmá Vincenza sọ fún mi lọ́jọ́ tí ọkọ tèmi kó ẹrù rẹ̀ jáde. Mo ń sunkún, ó ń po ìyẹ̀fun. Ó ní kí n gbọ́. Ó ní ọdọọdún, lọ́jọ́ tí ihò náà wó, òun máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, òun á tẹ́ àwo kan fún Michele, òun á jókòó tì í díẹ̀, òun á sì kó o kúrò kí Rocco tó jí.

"Bí ọ̀rọ̀ ọkàn ṣe rí nìyẹn," ó ní. "Kì í pa èèyàn. Rocco ò mọ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Ọkùnrin rere ni, kò yẹ kó máa rò pé ẹnìkejì ni òun. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Mo fi Jòhánù Mímọ́ búra pé ọ̀rọ̀ náà á bá mi wọ sàréè. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ló bá mi dé.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ gbèrú. Àwọn tó ti gbọ́ ń sọ fún àwọn tí kò tíì gbọ́. Àlejò ń dé ẹnubodè, wọn kì í béèrè odi mọ́, opó ni wọ́n ń béèrè. Ẹlòmíràn á mú àbẹ́là wá, ẹlòmíràn á mú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn. Màmá Vincenza kó ìbọ̀sẹ̀ náà jọ sínú àpótí, ó ní ayé ṣì ní àwọn èèyàn gidi. Àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè wá ń wò wá tìlara-tìlara, èyí tó jẹ́ pé láti ìgbà ayé bàbá mi a kò tíì rí irú rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo ní ni pé òkú náà máa ń wá sílé wá jẹun ọ̀sán.

Mo wá ń sáré mú àwọn àlejò débẹ̀ kó tó kúrò ní ilé kọfí. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kan ṣá, Rocco gbàgbé awò ojú rẹ̀, ó sì yọ síwájú wa níbi tí àwọn èèyàn ti ń nu ojú.

"Ta ni bàbá yìí?" ni ọkùnrin kan bi mí.

"Àbúrò olóògbé ni," ni mo sọ.

Bí ẹ bá rò ó dáadáa, òun ni òótọ́ tó pọ̀ jù tí mo tíì sọ ní ọ̀nà yẹn.

Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó béèrè yẹn di èjìká rẹ̀ mú, ó sì mi orí. Rocco yíjú sí mi.

"Loredana, kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe mí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀?"

"Wọ́n ní ara yín le fún ọjọ́ orí yín ni, Bàbá Rocco."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ." Ó wọlé lọ mú awò ojú rẹ̀.

Ọkùnrin tó dì í léjìká mú yẹn, Holger ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú. Ó ti wà láàárín àwọn tí mo kọ́kọ́ pa Rocco fún, òun gan-an ló ń yán. Láti ọjọ́ náà kò yán mọ́. Ọjọ́ tó rí Rocco yẹn ni ìgbà kejì tó wá, ó tún padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó gba yàrá ní Torrescura fún odidi ọ̀sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè wa láti inú ìwé. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe dárúkọ ọ̀rọ̀ náà lójú Màmá Vincenza rárá, pé ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ó ní òun gbọ́. Ó máa ń kàn wá ra pásítà, á kí i, á sì wo ilẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń bá a rìn lọ, ó dúró níwájú ògiri tí a máa ń lẹ ìkéde òkú mọ́.

"Kí ni àwọn ìwé elétí dúdú wọ̀nyí?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ẹni bá kú, wọ́n á tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé tí etí rẹ̀ dúdú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò gbọ́. Mo ní bí àyájọ́ ikú náà bá sì pé, àwọn tó fẹ́ràn ẹni náà lè tún lẹ òmíràn.

"Ṣé ọ̀rẹ́ lè lẹ̀ ẹ́?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà fẹ́ràn wọn."

"Ọjọ́ wo ni ihò náà wó?"

Mo sọ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta fún un. Ọjọ́ Michele ni. Òun nìkan ló wà lórí mi, kò sì sí ìdí kankan tí mo fi ní láti wá òmíràn. Orúkọ ọkọ, kò bi mí. Ó ti kà á fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí àlejò ń tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Màmá Vincenza: Rocco Laviano.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tiẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún yìí, mo kó àwọn àlejò wọlé láti ẹnubodè bí ìṣe mi. Ìkéde tuntun kan wà lára ògiri, àtè rẹ̀ ṣì tutù. Mo kà á bí mo ṣe ń kọjá lọ, torí pé gbogbo wa la máa ń ka ìkéde òkú, a kì í mọ ìgbà tí a bá ń kà á.

ROCCO LAVIANO ló wà lókè, gàdàgbà gadagba. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Òní ni àyájọ́ ọjọ́ tí ihò èédú gbà á lọ́wọ́ Vincenza, aya rẹ̀, ẹni tí kò dẹ́kun àtimáa dúró dè é, tó sì ń tẹ́ àwo rẹ̀ sórí tábìlì títí dòní. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Dẹ́ńmáàkì kò gbàgbé."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni àlejò kan bi mí.

"Wọ́n ní omi ò ní yọ lọ́la."

Òmíràn wà lára ilé ìpòògùn. Òmíràn wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ìsàlẹ̀ òkè ni Holger ti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ náà ni ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ti wá. Kò sí èyí tó mọ Rocco rí láàárín wọn, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó lẹ méjì mọ́ ògiri ilé kọfí Mimmo.

Ó yẹ kí n padà sẹ́yìn. Mo rò ó. Obìnrin kan bá bi mí bóyá a máa tó rí opó náà, ẹsẹ̀ mi sì ń lọ.

Kò sẹ́ni tó ń ka ìkéde òkú dé ìsàlẹ̀ láàárọ̀. Orúkọ ni èèyàn máa ń rí, á sì gbé ìkòkò kaná. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé tí òkú bá wà kì í dáná, àwọn aládùúgbò ló ń bọ́ wọn. Nígbà tí a yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ti kún ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú, pẹ̀lú páálí kọfí, pẹ̀lú ṣúgà, pẹ̀lú ìkòkò omi ẹran. Màmá Vincenza wà láàárín wọn, pátákó rẹ̀ lórí itan, ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Ta ló kú?" ló ń bi wọ́n. "Ẹ sọ fún mi. Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́. Graziella, obìnrin ilé tó kọjú sí tirẹ̀, gbé ìkòkò fún ẹlòmíràn dì mú, ó wá gbá mi mọ́ra.

"Loredana, mọ́kàn le. Ìwọ ló kù tó ní báyìí."

Mo ní kó ṣeun. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

"Rocco kúrò níbí láàárọ̀ yìí," ni Màmá Vincenza ń sọ. "Ó mu kọfí. Ó ní ṣúgà rẹ̀ ò tó. Kí ló dé tí ẹ ń gbé ṣúgà wá fún mi?"

"Ikú òjijì ló máa ń dunni jù," ni obìnrin kan sọ jẹ́jẹ́.

Rocco bá gba àárín wọn kọjá.

Ó ti ya ìkéde kan kúrò lára ògiri Mimmo, ó dì í mú ní igun méjèèjì kí àtè má bàa kàn án. Àwọn obìnrin náà ṣe àmì àgbélébùú. Ìkòkò kan bọ́. Rocco fọwọ́ kan irin ẹnu ọ̀nà, kí ohun búburú lè kọjá, ó sì kí gbogbo wọn.

"Wọ́n ti fi kún ẹ̀mí yín nìyẹn, Bàbá Rocco," ni Graziella sọ, nígbà tí ohùn rẹ̀ padà dé. "Ẹni tí wọ́n bá kéde ikú rẹ̀ láìkú, á pẹ́ láyé."

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbé omi ẹran yẹn wọlé, kó má ṣòfò."

Mo rí i pé ó lè parí síbẹ̀. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu àwọn kan. Ìgbà yẹn ni Holger jáde láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́ àti táì dúdú lọ́rùn. Ó ti wá fún àyájọ́ náà. Ó bọ Rocco lọ́wọ́, ó sì fi èdè wa sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to bíríkì.

"Bàbá, mo bá yín kẹ́dùn ikú ẹ̀gbọ́n yín."

"Ẹ̀gbọ́n mi wo?"

"Rocco."

"Èmi ni Rocco."

Holger wò ó. Ó wo ìkéde náà. Ó wá wò mí, gbogbo ọ̀nà náà sì bá a wò mí.

"Kí ni ọmọ mi sọ fún yín?" ni Màmá Vincenza bi í.

Èdè tí Holger gbọ́ kò tó ohun tí èèyàn lè fi bo nǹkan. Ó sọ ọ́ bó ṣe wà: opó, ihò èédú, ìjókòó ẹnu ọ̀nà, ẹkún àwọn àlejò, ìbọ̀sẹ̀. Màmá Vincenza ń gbọ́, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rí ìdí ohun tó ti ń ṣe é ní kàyéfì tipẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín pàápàá.

"Àti àwo," ni Holger sọ. "Àwo tí ẹ máa ń tẹ́ fún un."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Màmá Vincenza. Kò wo Holger mọ́. Èmi ló ń wò. Mo ti rí ojú yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo ń ṣàìsàn, nígbà tí ìyá mi kú, nígbà tí ọkọ mi lọ, kò sì sí ìgbà kankan tó wò mí bíi pé kò mọ̀ mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé agboòrùn náà sílẹ̀. Mo ṣì nà án sókè.

Rocco ka ìyókù ìkéde náà sínú. Ó ká a, ó fi sábẹ́ apá.

"Loredana. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ àwo fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, Bàbá Rocco. Gbogbo rẹ̀ ni mo hùmọ̀."

Mo rò pé irọ́ kan ṣoṣo tó máa wúlò láyé mi nìyẹn.

"Ìwọ kọ́ lo hùmọ̀ rẹ̀," ni Rocco wí.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa tóóró, ògiri rẹ̀ sì ń dáhùn.

"Láti ọdún tí a ti fẹ́ra ni mo ti máa ń jí ṣáájú rẹ lọ́jọ́ yìí. Mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí màá fi gbọ́ pé o ti kó àwo náà kúrò. Mo jí láàárọ̀ yìí náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Vincenza. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ẹnì kan ń bu oúnjẹ fún un. Mi ò kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ̀, torí tìrẹ ni. Ní báyìí, ó ti wà lára ilé ìpòògùn."

Màmá Vincenza dìde. Ó gbé pátákó rẹ̀, ó wọlé, Rocco tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà yẹn kì í tì lọ́sàn-án.

Àwọn obìnrin kó kọfí àti ṣúgà wọn sórí àtẹ̀gùn, wọ́n lọ, torí pé ohun tí wọ́n bá gbé wá fún ilé ọ̀fọ̀ kì í padà sílé. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kí mi. Holger gbé òdòdó rẹ̀ ti ṣúgà náà.

"Kí ni orúkọ ẹni tó kú gan-an?" ó bi mí.

"Michele."

Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ́ ọn lẹ́nu. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìkéde mìíràn jáde lára ògiri. Michele Laviano ló wà lórí rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni Rocco àbúrò rẹ̀ àti Vincenza, orúkọ àwọn méjèèjì lórí ìlà kan. Graziella, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn tí kò bá sẹ́ni nítòsí, ló sọ fún mi pé ní ọjọ́ Àìkú àwọn méjèèjì jọ lọ tan àbẹ́là fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí wọn kò ṣe rí. Ó ní wọ́n di ara wọn lápá mú lọ, wọ́n di ara wọn lápá mú bọ̀. Inú mi dùn sí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi mí.

Ìwé àṣẹ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń fi odi han àwọn àlejò, mo sì ń sọ iye ọdún tí wọ́n fi mọ ọ́. Wọ́n ń yán.

Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n fi ẹ̀kọ́ kan sí i fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn tí a dà lè dárí ji ara wọn, kí wọ́n má sì rántí láti pe ẹni tó dà wọ́n.

Mi ò yà sí ẹnu ọ̀nà Màmá Vincenza títí di ìgbà tí ooru dé. Lẹ́yìn náà mo lọ. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, èmi nìkan. Màmá Vincenza wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, pátákó lórí itan, ọwọ́ rẹ̀ ń yára. Mo ti ń tún ọ̀rọ̀ ìtúúbá tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́ sọ láti òru. Mo dúró níwájú rẹ̀, òjìji mi bo pásítà náà.

Ó gbé ojú sókè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tútù, ẹ̀rín dáadáa, èyí tó máa ń rín sí gbogbo ẹni tó bá dúró síbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sí Torrescura, Signora," ó ní, bí a ṣe ń pe obìnrin tí a kò mọ̀. "Ṣé kílò kan ni, àbí ìdajì?"

Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo mú owó jáde.

"Ìdajì," ni mo sọ.

Ó wọ̀n ọ́n, ó fi díẹ̀ lé e bó ṣe máa ń fi lé e fún àlejò, ó wé e, ó sì nà án sí mi.

"Ẹ sè é pẹ̀lú ewébẹ̀. Kí ẹ sì gúnlẹ̀ láyọ̀."

Mo dúpẹ́. Mo gba pásítà mi, mo sì lọ sílé. Ilé mi ni ẹ̀kẹta sí tirẹ̀.